Ìbọn Fúnkẹ́ àti Ìdọ̀bálẹ̀ Ọjọ́ Gálílì

Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ ìṣirò ka iye ìgbà tí Ayọ̀dèjì, onísófà Siluko Road ní Benin, ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbóná, á rú èéfín, á sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ mu omi. Dèjì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un níta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un ní Ring Road níbi tí kẹ̀kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Oliha, ó dọ̀bálẹ̀ sáàrin agbọ̀n tòmátì méjì, obìnrin tó ni tòmátì sì fi igbe ta pé kí wọ́n wá bá òun gbé ọkùnrin tó dákú síwájú ọjà òun. Bọ́tìnnì àyà ẹ̀wù Dèjì kì í lo oṣù kan. Ẹ̀wù ẹlòmíràn, ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ti Dèjì, ikùn ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí à ń wí yìí ni Dókítà Olúṣèyí Títíloyè. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, ti ìwé ni. Olùkọ́ ni ní yunifásítì ní Ugbowo. Ọdún méje gbáko ni Dèjì fi jù ú lọ. Nígbà tí Dèjì ti ń wọ ṣòkòtò gígùn tó sì ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, Olúṣèyí ṣì ń sáré kiri ní ìhòòhò, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ bí odò Ògùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àna kò mọ ọjọ́ orí. Ẹni tó fún ọ níyàwó, bàbá rẹ ni, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Iredélé tí Dèjì fẹ́ ni àbúrò tó tẹ̀lé Olúṣèyí. Ó parí.

Kì í sì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ gan-an ló ń dun Dèjì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó mọ̀ pé bí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀, á sì dìde. Ìdìde yẹn ni wàhálà. Bí Dèjì bá ti nà gbalaja tán báyìí, ìgbà yẹn gan-an ni Olúṣèyí máa ń rántí ẹni tó yẹ kó pè lórí fóònù. Á bi onítọ̀hún léèrè iṣẹ́, á bi í léèrè ọmọ, á bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀, kó tó wá wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Áà, Dèjì, o ṣì wà níbẹ̀? Dìde, jàre." Nígbà yẹn, èèrà á ti ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn tán lábẹ́ àgbọ̀n Dèjì.

Dèjì kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta girama ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, lẹ́yìn tó fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú báàgì olùkọ́ ìṣirò. Wọ́n ní olùkọ́ náà ṣì ń sáré lọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ó gé fóòmù líle kan, ìwọ̀n àyà rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi awọ sófà dúdú bò ó, ó rán ọwọ́ sí i lára bíi báàgì, ó sì ń gbé e kiri. Bó bá ti rí Olúṣèyí lókèèrè, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á sùn lé e lórí, á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀ọ̀dá," bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀tẹ́ẹ̀lì. Iredélé ní ìtìjú gbáà ni. Dèjì ní iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ọjọ́ tó gbàgbé fóòmù náà sílé ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí Àjíǹde pé. Òun àti Iredélé yà sílé Olúṣèyí lẹ́yìn ìsìn, Dèjì sì dọ̀bálẹ̀ sórí táìsì lásán. Fóònù Olúṣèyí dún, ó gbé e. Ọ̀rọ̀ Gálílì ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ìgbafẹ́ Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí ìjọ àwọn Yorùbá ní Ugbowo máa ń ṣe ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Láàrin eré tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn bàbá fẹ́ràn jù ni kí wọ́n gba ìbọn ìṣeré lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, ìbọn oníke tó ń ta ọfà fóòmù, kí wọ́n fi wó agolo mílíìkì. Lọ́dún tó kọjá, Olúṣèyí wó agolo. Dèjì yìnbọn, ọfà jáde lẹ́nu ìbọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì já bọ́ sórí bàtà Dèjì fúnra rẹ̀.

Ìtàn yìí ni Olúṣèyí ń sọ fún ẹni orí fóònù. Ó ní ọfà àna òun rọra jáde bí itọ́ arúgbó. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹni ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín, kò gbọ́ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ pátá ni Dèjì gbọ́ láti ilẹ̀, pẹ̀lú ìlà táìsì tó ti tẹ̀ ẹ́ lójú bí ilà Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí fóònù parí, kò dúró kí wọ́n ní kó dìde. Láti orí táìsì ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣèyí, bí mo bá fi ìbọn Fúnkẹ́ wó agolo lọ́dún yìí ńkọ́?"

Olúṣèyí wò ó. "Agolo wo?"

"Èyí tó bá wà lókè pátápátá. Láti ojú ìlà. Bí mo bá wó o, ìdọ̀bálẹ̀ tán láàrin wa. Ká máa bọ ara wa lọ́wọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin."

Ife omi tí Iredélé ń gbé bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Olúṣèyí rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ imú. Ó wá béèrè pé bí kò bá wó o ńkọ́. Dèjì kò tíì ro apá ibẹ̀, Olúṣèyí bá bá a rò ó. Ó ní bí agolo kò bá wó, Dèjì á máa dọ̀bálẹ̀, á sì máa fi ìyíká kún un: á yí sí ọ̀tún, á yí sí òsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọba, níbikíbi tí àwọn bá ti pàdé, Ring Road náà kò sì yọ sílẹ̀.

Dèjì wo táìsì, táìsì náà wò ó. "Mo gbà," ló wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, Iredélé ka gbogbo tírélà tó kọjá lọ́nà. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó ní bí ọkọ òun bá ń yí ká lójú títì, òun fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì ló máa tẹ̀ ẹ́ ni tàbí tírélà, kí òun lè mọ irú aṣọ dúdú tí òun á rà.

Ẹni tó ni ìbọn gan-an ni Adéfúnkẹ́, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá bí ẹyẹ ìbákà, ṣùgbọ́n èdè ìgboro Benin ló fi máa ń dáhùn. Bàbá rẹ̀ fi Yorùbá dídùn bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní ìbọn. Ó di ìbọn mọ́ àyà.

"Daddy, you go spoil am."

Dèjì fi òòlù búra, ó fi abẹ́rẹ́ búra, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ tí òun fi ń rán awọ búra pé ìbọn náà kò ní bàjẹ́. Fúnkẹ́ fi ojú wọ̀n ọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó gbé e fún un.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Siluko Road, Dèjì tú ikùn ìbọn, ojú sì tì í fún àwọn tó ṣe é. Sípíríǹgì inú rẹ̀ kò ju ti báírò lọ. Róbà tó yẹ kó há afẹ́fẹ́ mọ́ ti rọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ bí ọmọ tó gbọ́ pé iṣẹ́ wà nílé. Ní ẹnu ìbọn, wọ́n tún fi ike kékeré kan dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kí ọfà má bàa fò jù, nítorí ojú àwọn ọmọdé. Dèjì ní ojo ni wọ́n. Ó fi ọ̀bẹ yọ ike náà sọnù. Ó mú tépù funfun tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń dí ẹnu páìpù, ó wé e sábẹ́ róbà kó lè há, ó fi Fasilíìnì ra á kó lè yọ̀. Ó wá yọ sípíríǹgì báírò, ó fi sípíríǹgì sófà ẹlẹ́nìkan rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó yìn ín, ọfà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù jáde, ó ré títì kọjá, ó ré kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá, ó sì wọ ẹnu fọkanáísà tó ń yán lódìkejì. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó rò ó, ó tú u jáde, ó sì wo ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní bó bá fẹ́ yán, inú ilé ló máa ń wọ̀ lọ, á sì ti ìlẹ̀kùn.

Inú Dèjì dùn dé ibi tó lóyún. Ó to agolo sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ka ogójì ẹsẹ̀, ó wọ awò tí àwọn alurinmọ́rin fi ń bo ojú, ó fi ọ̀kan wọ Fúnkẹ́. Ní ìgbà mẹ́wàá tó yìnbọn, agolo wó ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹwàá, adìẹ ló gba ibẹ̀ kọjá, adìẹ náà ló wó dípò agolo.

Iredélé gbé oúnjẹ wá, ó rí i, ó ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ó tó. Fi sílẹ̀ báyìí."

Ó tó lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé Dèjì fi sílẹ̀ báyìí ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí, kí kálukú lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tó dùn wò, tó tún fi iyọ̀ sí i? Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí agolo bá kàn wó lásán, Olúṣèyí lè ní atẹ́gùn ló wó o, kó sì fi gírámà gbè é lẹ́sẹ̀. Agolo tó fẹ́ gbọ́dọ̀ fò. Ó gbọ́dọ̀ fò kọjá mángòrò, kí wọ́n lọ bá a ní ìlú Ekpoma. Lọ́sẹ̀ Àjíǹde, ó fi sípíríǹgì àga ẹlẹ́nimẹ́ta kún ti àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ Gálílì gan-an, ó yọ ọ̀kan lára bẹ́ẹ̀dì ìjòyè kan tí wọ́n gbé wá tún ṣe, ìjòyè tó sanra bí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, ó sì rọ òun náà wọ ibẹ̀. Ikùn ìbọn yọ síta. Ó fi awọ sófà dì í, ó fi róbà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e, ó sì kan ìṣó sí i.

Ó ku ọfà. Fóòmù lásán kò ní lè gba irú agbára yẹn, líle ló nílò, kò sì sí líle mìíràn nílé ju èyí tó fi ń dọ̀bálẹ̀. Dèjì mú abẹ fóòmù, ó gé ibùsùn ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi ẹnu fọn orin bó ṣe ń gé e. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ fi ṣe, ṣebí láti òní lọ, òun ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Fúnkẹ́ wo ìbọn rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́.

"Daddy, this one no be toy again o."

Bàbá rẹ̀ ní kó lọ wọ bàtà.

Pápá kún. Ẹní wà lábẹ́ mángòrò, kúlà ìrẹsì wà lórí tábìlì, àwọn akọrin ń jà lórí ẹran. Alàgbà Ògúnwálé, àgbà ìjọ tó ń ṣe adájọ́ eré, so fèrè mọ́ ọrùn, ó to agolo mẹ́ta léra, ó sì fi ẹfun fa ìlà. Olúṣèyí ló kọ́kọ́ bọ́ síta, nínú gínì funfun tó funfun dé ibi tí àwọn tó wà nítòsí fi ń di ojú. Ó yin ìbọn ọmọ rẹ̀, ó dún póò, agolo òkè wó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ju ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n da òun láàmú.

Ó kan Dèjì. Nígbà tó tú aṣọ kúrò lára ìbọn rẹ̀, àwọn akọrin fi ẹran sílẹ̀. Alàgbà bi í bóyá ìbọn ni tàbí àga. Dèjì gbé e sílẹ̀, ó fi orókún méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ fífà rẹ̀ mú, ó sì fà á. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí gbòǹgbò ìrókò. Eyín rẹ̀ kan ń sọ̀rọ̀ fún èkejì. Níkẹyìn, ó dún kọ́kì, ó dì mú. Ó dìde, ó dúró sójú ìlà, ó di ojú kan, ó tẹ ìbọn.

Kò dún.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Iredélé sì wo ọ̀nà tó lọ sí gáréèjì. Olúṣèyí wá rìn bọ̀ pẹ̀lú ojú tó fi ń wọ kíláàsì. Ó ní kí Dèjì gbé ẹnu ìbọn sókè kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, Dèjì gbé e sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó sọ̀rọ̀ agbára, ó sọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀, ó dárúkọ òyìnbó kan tó ti kú. Ó ní ike kò lè gba ohun tí irin lè gbà, àti pé ọmọ ọdún kìíní nínú kíláàsì òun mọ ìyẹn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ike bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Olúṣèyí sún mọ́ ọn kó lè gbọ́.

GBÀÙ.

Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà kì í béèrè irú ariwo tí ariwo jẹ́. Kí ìró náà tó lọ kan ilé padà wá, ó ku ẹnì kan péré tó wà ní ìdúró lórí pápá. Àwọn ìyá sùn lé àwọn ọmọ lórí. Àwọn akọrin mẹ́fà wọ ilé ìyàgbẹ́ tí kò gbà ju ẹnì kan lọ, wọ́n sì tún wá àyè pa ìlẹ̀kùn dé. Alàgbà Ògúnwálé ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú kúlà ìrẹsì ní ìgbámú, fèrè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti mí, fèrè á dún fíì, bó bá tún mí, á tún dún fíì.

Dèjì nìkan ló wà ní ìdúró. Ọwọ́ ìbọn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù ti di ẹ̀rún, sípíríǹgì ìjòyè sì ti gun orí mángòrò lọ, ó ń jì níbẹ̀. Dèjì wo ọ̀ọ́kán. Agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Alàgbà tún tò dúró ṣinṣin, wọn kò tilẹ̀ mì. Ó wo bàtà rẹ̀. Ọfà wà lórí rẹ̀.

Ó rí Ring Road, ó rí ara rẹ̀ tó ń yí sí ọ̀tún, tó ń yí sí òsì, ó rí tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Sapele. Ó tún wo ilẹ̀ díẹ̀ síwájú bàtà rẹ̀, ó sì rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí láti ọdún méjìlá tó ti gbé Iredélé níyàwó.

Dókítà Olúṣèyí Títíloyè wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kúnlẹ̀, kì í ṣe pé ó lóṣòó. Ó nà tàntàn. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́, fìlà rẹ̀ ti ṣí. Dèjì mọ ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹja ṣe mọ omi, kò sì rí àbùkù kan níbẹ̀.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó kọ́kọ́ dùn, ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà á. Àna wà nílẹ̀, ọkọ àbúrò rẹ̀ wà ní ìdúró. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Bóyá òjò lè kọ̀ láti rọ̀ nítorí rẹ̀. Kí Dèjì tó rò ó tán, ara rẹ̀ ti ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, láìsí fóòmù, orí rẹ̀ sì kọjú sí orí Olúṣèyí, imú sí imú.

Olúṣèyí la ojú kan. "Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Àwọn wo, Bọ̀ọ̀dá?"

"Àwọn olè."

"Kò sólè. Ìbọn Fúnkẹ́ ni."

Olúṣèyí la ojú kejì. Wọ́n wo ara wọn. Fèrè Alàgbà dún fíì lábẹ́ tábìlì. Èèrà kan gba ìdí etí Olúṣèyí wọ inú gínì lọ, ó sì ṣe iṣẹ́ tó bá lọ. Olúṣèyí gbọn.

"Ṣé bí ilẹ̀ ṣe máa ń le tó nìyí?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Eléyìí tiẹ̀ rọ̀. Koríko wà níbí. Táìsì tiyín le jù ú lọ."

"Èèrà náà ńkọ́?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi rí?"

Dèjì rò ó dáadáa. "Orí fóònù lẹ máa ń wà, Bọ̀ọ̀dá."

Olúṣèyí ní kí Dèjì dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi ẹnì kan léèrè ìyá rẹ̀. Dèjì ní òun ò lè dìde kí àna òun wà nílẹ̀. Olúṣèyí ní bí òun bá dìde ṣáájú, gbogbo ìjọ á rí ibi tí òun ti dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń bẹ ara wọn, títí Fúnkẹ́ fi yọ orí lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò rí bàbá rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rí àfi nílẹ̀, ó wo ẹni méjèèjì, ó tún wò wọ́n.

"Mummy, see," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Uncle too dey greet my papa."

Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí mángòrò kó tó dákẹ́. Àwọn méjèèjì bá na ọwọ́ sí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fa èkejì sókè, bí wọ́n sì ṣe dúró tán, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ara wọn. Alàgbà Ògúnwálé jáde lábẹ́ tábìlì, ó ka agolo, ó ní kò sí èyí tó wó, Dèjì pàdánù. Dèjì mú orókún wálẹ̀ láti lọ yí ká. Olúṣèyí, tí àwòrán àyà rẹ̀ ti wà lára gínì pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ pupa Benin, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ó wí. "Ọwọ́ yìí náà ti tó."

Ìbọn Fúnkẹ́ ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi gáàmù tò ó pọ̀, ó dá sípíríǹgì báírò padà, ọfà rẹ̀ sì ń bọ́ sórí bàtà, inú ọmọ dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn bàbá kò tíì dán mọ́rán. Ẹnu ti parí ìdọ̀bálẹ̀, ara ò gbọ́. Bí Dèjì bá rí Olúṣèyí, ìbàdí rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó rántí. Bí Olúṣèyí bá sì rí i tó tẹ̀, etí rẹ̀ á gbọ́ gbàù, òun náà á tẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé ní ọjà Oliha lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì tẹ̀ dé ààbọ̀, ọwọ́ kan lórí orókún, ọwọ́ kejì nínú ara wọn, wọn ò lọ sókè, wọn ò wá sílẹ̀.

Obìnrin onítòmátì wò wọ́n títí. Ó bi wọ́n kí ló sọnù tí wọ́n ń wá nílẹ̀.

Dèjì ní bọ́tìnnì ni.